Lẹ́yìn Káńtà: Ohun tí IT ní Báńkì Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe IT (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́) ní báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn kò ní fi owó sí ìkáwọ́ òun. Kò ní ní orúkọ ìwọlé lórí kọ̀ǹpútà wọn, kò ní wọ yàrá owó, kò sì ní buwọ́ lu ìwé kankan tó lè gbé owó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú sí èyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á ní àwọn wá kọ́ṣẹ́ báńkì, wọ́n wá fi àwọn sídìí fáìlì àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ẹ̀ka báńkì kan nítòsí ọjà n'Íbàdàn ni èmi náà ti ṣe IT nígbà tí mo wà ní ND ní pólì, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ìdènà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní báńkì, a kì í dá ẹnì kan ṣoṣo dá owó, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kó tó padà sílé ẹ̀kọ́ kò lo àkókò rẹ̀ lásán.

Ètò IT ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Nígbà tó di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, wọn kò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ pólì ń lò, ó sì sábà máa ń bọ́ sí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ láàárín ND kìíní àti ND kejì. Ọmọ yunifásítì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nínú ètò náà ń lo oṣù mẹ́fà. Lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́, IT ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni IT: "Ẹ bá mi pe IT wá."

Àyè rírí ni wàhálà ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ á fún ọ ní lẹ́tà, ìwọ lo máa gbé e kiri. N'Íbàdàn, Dùgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń forí lé, torí báńkì pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ní àyíká Cocoa House tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965. Ẹ̀ka kan á gba lẹ́tà, wọ́n á ní àwọn yóò pè ọ́. Òmíràn á ní olú ilé iṣẹ́ l'Ékòó ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìjọ nínú báńkì á ti wọlé kí ẹlòmíràn tó rí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá sọ̀rọ̀. Èyí kò dára. Mi ò rí ìdí tí báńkì tó ní ẹ̀ka káàkiri ìlú kò fi lè ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n sì kéde rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni pé kó fi Dùgbẹ̀ sílẹ̀, kó lọ sí ẹ̀ka tó wà nídìí ọjà, bíi Bódìjà tàbí Gbági. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n ń wá ẹni kún wọn lọ́wọ́. Owó tí a ń fọwọ́ kà sì tún pọ̀ níbẹ̀, owó yẹn ló sì ń fi iṣẹ́ báńkì han èèyàn kedere.

Kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún oníbàárà ní aago mẹ́jọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kì í dá vault (yàrá owó) ṣí. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ méjì ni ohun tí wọ́n fi ń ṣí i wà, ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan kò sí lọ́wọ́ èkejì. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá dá ọ̀kan dúró lọ́nà, gbogbo ẹ̀ka á dúró dè é. Bí wọ́n bá ṣí i tán, kàṣíà kọ̀ọ̀kan á gba owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, á kà á lójú ẹni tó fún un, á sì buwọ́ lùwé. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ọrùn rẹ̀ ni owó yẹn wà. Bó bá fẹ́ lọ jẹun, á ti àpótí rẹ̀ pa, á sì jáde lórí kọ̀ǹpútà. Mo rí kàṣíà kan tó kọ̀ láti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Inú ọ̀rẹ́ náà kò bà jẹ́ rárá, torí bó bá jẹ́ òun, kò ní fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ẹ̀ka tiwa, wọ́n máa ń jẹ́ kí IT jókòó ti àwọn tó ń ṣa owó, lójú ọ̀gá àti lójú kámẹ́rà. Owó ọjà kì í wá létòlétò. Ìyá elépo á gbé àpò dé, ọgọ́rùn-ún náírà, igba náírà, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra, òmíràn á ti mu epo, òmíràn á ti ya tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. A ó kọ́kọ́ yà wọ́n ní irú-irú, a ó wá tò ó kí orí gbogbo wọn kọjú síbì kan. Ẹ̀rọ ìkawó kì í fẹ́ owó tó ká. Bí ẹyọ méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ó lè kà wọ́n sí ẹyọ kan. Nítorí náà, ọwọ́ ń ka ṣáájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì tún kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọgọ́rùn-ún ẹyọ ni ìdì kékeré kan: ti ẹgbẹ̀rún náírà jẹ́ 100,000, ti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ 50,000, ti igba jẹ́ 20,000. Mẹ́wàá irú rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ di ìdì ńlá. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yí ìdì kékeré kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kà á á sì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Bí ẹlòmíràn bá tú ìdì náà lọ́la, tó rí i pé ẹyọ kan dín, bébà yẹn ni yóò sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá.

Ọjọ́ Ajé ni owó máa ń dọ̀tí jù, lẹ́yìn òde àríyá òpin ọ̀sẹ̀. Owó tí wọ́n ná fún olórin, tí bàtà tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ṣà sínú àpò, a ó rí gbogbo rẹ̀. Òfin CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà) ti ọdún 2007 ka títẹ owó mọ́lẹ̀, kíkọ nǹkan sí i lára àti níná an fún ẹni tó ń jó sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50,000 náírà. Mo mọ bí àwa Yorùbá ṣe fẹ́ràn òde àríyá tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ ya owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí eruku rẹ̀ sì ti mú un sín títí, á mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà.

Tábìlì ìwájú ni mo ti kọ́ ohun tó jinlẹ̀ jù, níbi tí àwọn tí kò mọ̀wé ti ń wá. "Ọmọ mi, bá mi kọ tẹ́là ìgbowó yìí," ni ìyá kan á wí, wọ́n á na ìwé sí ọ, ojú wọn á sì ti lọ síbòmíràn. Wọ́n fọkàn tán ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá kọ 50,000 síbi tó yẹ kó jẹ́ 5,000, wọ́n á tẹ̀ka sí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá obìnrin tó ń kọ́ wa níṣẹ́ kò gba gbẹ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ tán, o gbọ́dọ̀ kà á sí wọn létí lédè Yorùbá, orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó, kí ìyá sì fi ẹnu ara wọn sọ iye náà padà fún ọ kí wọ́n tó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ mìíràn yóò wo fọ́tò wọn lórí kọ̀ǹpútà, yóò wo ojú wọn, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé níṣojú òun ni. Òfin wà nílẹ̀ yìí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó ṣàlàyé rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ IT ni kò gbọ́ nípa òfin yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí òfin náà ń sọ.

Àkáǹtì ṣíṣí ni iṣẹ́ tó ń kan IT jù. Àwòrán, káàdì ìdánimọ̀, ìwé iná mànàmáná tó fi àdírẹ́sì hàn. Fún àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, ẹni méjì tí yóò ṣe onídùúró. Nọ́ńbà àkáǹtì ní òǹkà 10 ní gbogbo báńkì, NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ní 11, BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) tí CBN bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014 náà ní 11. Iye àkáǹtì yòówù kí èèyàn ní, BVN kan ṣoṣo ni gbogbo wọn so mọ́, láti ọdún 2024 sì ni CBN ti ní kí owó má ṣe jáde mọ́ nínú àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí ni orúkọ. Adébáyọ̀ nínú káàdì ìdìbò, Bayo nínú BVN. Obìnrin á ti fi orúkọ ọkọ rọ́pò ti bàbá níbì kan, kò fi rọ́pò rẹ̀ níbòmíràn. Àgbàlagbà tí wọ́n fojú dá ọdún ìbí rẹ̀ nígbà tó ń gba ìwé kan á sọ ọdún mìíràn nígbà tó ń gba èkejì. Oníbàárà á bínú, á ní báńkì ń da òun láàmú. Sùúrù ni kí IT fi ṣàlàyé fún un, kó sì sọ àǹfààní rẹ̀ fún un. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, BVN ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, fi mọ àkáǹtì tí àwọn oníbàárà náà ní ní báńkì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n sì san owó wọn sí, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù tó ṣáájú ni wọ́n gbé òǹkà ìdáàbòbò yẹn sókè láti 500,000. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá ara mu ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ nílẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Sọ̀wédowó kò pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kí IT ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì ju oṣù mẹ́fà lọ, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí kò tíì dé. Iye tí wọ́n fi lẹ́tà kọ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n fi òǹkà kọ mu. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ jọ ti inú kọ̀ǹpútà. Bí owó náà bá tóbi, wọ́n á pe ẹni tó kọ ọ́ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

Aago mẹ́rin ni ilẹ̀kùn ń tì, iṣẹ́ tó le jù ló sì kù yẹn. Kàṣíà kọ̀ọ̀kan á ka ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀, á fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Bó bá dín, òun ni yóò san án. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọkàn wọn kì í balẹ̀ bó bá lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, owó kàṣíà kan fi 20,000 náírà lé. Mo rò pé wọn á dúpẹ́. Ńṣe ni ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé. Wọ́n tú gbogbo tẹ́là ọjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n ń wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi kan ti obìnrin aláṣọ kan: 120,000 ló kọ, 120,000 ló san, 100,000 ni kàṣíà tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Owó tó lé lọ́dọ̀ wa ni owó tó dín lọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Bí wọn kò bá rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, àkáǹtì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó tí a kò tíì mọ olówó rẹ̀ ni wọn ì bá kọ ọ́ sí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi í sápò. Wọ́n tún un ṣe, ọ̀gá kejì fọwọ́ sí àtúnṣe náà, wọ́n sì pe obìnrin aláṣọ lórí fóònù kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó rí i.

Ohun tó ń tẹ̀ lé èyí ni iṣẹ́ tí mo rò pé kò yẹ kí IT kankan ṣe tán láìrí: call-over. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á kó gbogbo ìwé àná jáde, tẹ́là, sọ̀wédowó, ìwé ìgbowó, ìwé àtúnṣe. Ẹnì kan á mú ìwé, á máa kà á sókè. Ẹnì kejì á mú àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, á máa fàmì sí i. Orúkọ, nọ́ńbà, iye. Orúkọ, nọ́ńbà, iye. Ẹni tó fọwọ́ tẹ iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà lánàá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ìwé tí kò bá ní ìlà lórí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè wà níbẹ̀. Ìlà tó bá sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ìwé, ìbéèrè tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni olè inú ilé máa ń fara pamọ́ sí. Ó máa ń sú àwọn òṣìṣẹ́, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ́ kí IT bá wọn kà á. Kí IT gbà á lọ́wọ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo irú iṣẹ́ tí ẹ̀ka náà ń ṣe á ti kọjá lójú rẹ̀, á sì ti mọ bí owó ṣe ń kúrò lápá ọ̀tún bọ́ sápá òsì nínú ìwé ìṣirò ju bí pátákó ìkọ̀wé kíláàsì ṣe fi hàn án.

Àwọn baba wa mọ irú ìfọkàntán mìíràn. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi pé ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí ọkùnrin kan ni gbogbo ètò náà wà, ó sì kẹ́sẹ járí nítorí irú èèyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Báńkì kò lè dúró de ẹni tí orí rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ẹni tó ń gbàgbé, ẹni tó rẹ̀, ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, kí gbogbo wọn lè jókòó sídìí owó kí owó sì pé. Ó sì ń gba olóòótọ́ là. Nígbà tí ẹ̀sùn bá dé, kàṣíà tí ìbuwọ́lùwé ẹnì kejì wà lára iṣẹ́ rẹ̀ kò ní láti búra fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn báńkì jáwọ́ nínú rẹ̀, òun náà ni fífún IT ní iye àkáǹtì tó gbọ́dọ̀ ṣí fún wọn. Wọ́n ṣe é fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa rọ ẹ̀gbọ́n, á máa rọ ará ilé, á máa rọ àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n ṣáà wá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ṣí àkáǹtì tí wọn kò ní lò. Lẹ́yìn ọdún kan, àkáǹtì náà á ti sùn, oníwàyó á sì lè máa wá ẹni tí yóò ta irú rẹ̀ fún òun. Kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkankan, ó sì lòdì sí ìṣọ́ra tí wọ́n ń kọ́ wa lẹ́yìn káńtà. Olùkọ́ tó ń bọ̀ wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò gbọ́dọ̀ béèrè nípa rẹ̀, kó sì bá máníjà sọ ọ́ lójúkojú.

Ní ti logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ IT, ojoojúmọ́ ni kí o kọ ọ́, kí ọ̀gá rẹ buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má ṣe jẹ́ kó di òpin oṣù kẹrin kí o tó jókòó máa hun ìtàn. Dípò "mo ran wọ́n lọ́wọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́," kọ ohun tí o ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìdí yẹn ni àwọn olùkọ́ máa ń béèrè nígbà tí o bá ń gbèjà ìjábọ̀ rẹ. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni o kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ìwé kankan sórí fóònù rẹ. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ó sì kan báńkì gidigidi.

Àwọn IT kan máa ń ṣiṣẹ́ débi pé máníjà á ní kí wọ́n padà wá bí wọ́n bá gba ìwé ẹ̀rí ND. Iṣẹ́ kàṣíà ni ó sábà máa ń jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe báńkì fúnra rẹ̀ ló ń gbani. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó òṣìṣẹ́ fún báńkì ló máa kọ lẹ́tà, aṣọ báńkì ni wàá wọ̀, àpótí báńkì ni wàá jókòó tì, ìwọ lo máa san owó tó bá dín, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ kò ní tó ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo mọ àwọn tó gbà á, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ka HND, tí wọ́n sì ti di òṣìṣẹ́ báńkì gan-an lónìí. Mo mọ àwọn mìíràn tó ti lo ọdún púpọ̀ nídìí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Kí o tó buwọ́ lu lẹ́tà náà, wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lókè rẹ̀, wo iye ọdún tó wà nínú rẹ̀, wo ẹni tí yóò ru ẹrù owó tó bá sọnù láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ. Béèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú: òfin ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí i, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8. Kí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà hàn ọ́, kí ìwọ fúnra rẹ sì pè wọ́n lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ bóyá owó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.